Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí n wọ pápá dressage, ẹṣin mi ṣì ń kánjú, èmi náà ò jókòó dáadáa

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ṣin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdíje dressage ni mo fẹ́ lọ, níbi tí adájọ́ ti ń fi máàkì sí bí ẹṣin ṣe ń rìn àti bí a ṣe ń darí rẹ̀. Abo ẹṣin ni mo ń gùn, ọmọ ọdún 9. Nílẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ pápá báyìí, ṣe ló máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ìdánwò tí a ṣe kẹ́yìn, ti ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ni, nínú pápá mítà 20 sí 40: ìrìn, trot (eré kékeré), canter (eré tó yá ju trot lọ), kò sí nǹkan ńlá kan níbẹ̀. Mo ti ka ìwé máàkì yẹn títí ó fi fẹ́ ya mọ́ mi lọ́wọ́. Nínú 10, wọ́n fún wa ní 6.5 fún ìdúró, 6 fún ìrìn pẹ̀lú okùn dídẹ̀, 5 fún òbírí trot lápá òsì. Òbírí canter lápá ọ̀tún gba 4.5, adájọ́ wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ń kánjú, ó ń ṣubú sínú òbírí, ọrùn kọjú sóde." Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti sọ tèmi: "Ẹlẹ́ṣin ń tẹ̀ síwájú, ó ń wolẹ̀, gìgísẹ̀ òsì ń gòkè."

Ohun tí èmi fúnra mi ń rí ni pé ọwọ́ òsì mi máa ń wúwo bí ìgbà tí mo gbé korobá omi dání, ti ọ̀tún á sì fúyẹ́ bíi pé mi ò mú nǹkan kan. Olùkọ́ mi ti rìnrìn àjò, kò ní dé kọ́jọ́ tó pé. Ẹnìkan níbi tí a ń so ẹṣin sí ní kí n wá okùn tó máa ń gba àárín ẹsẹ̀ iwájú kọjá tó máa ń fa orí ẹṣin wálẹ̀, pé ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi gbọ́ràn. Ṣé kí n lò ó? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Baba Gàárì

Àbẹ̀kẹ́, má lò ó.

Orí tí okùn fà wálẹ̀ yàtọ̀ sí orí tí ẹṣin fúnra rẹ̀ gbé sílẹ̀. Bí okùn bá fà á, ọrùn á ká lóòótọ́, imú á wọ àyà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn á le gbagidi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì máa wọ́ tẹ̀lé ti iwájú. Wọn ò sì ní jẹ́ kó o gbé okùn yẹn wọ pápá lọ́jọ́ ìdíje. Kí lo máa wá fi dá a dúró nígbà náà?

Àwọn ará Jámánì to ìkọ́ni ẹṣin sí ìpele 6, bí ẹni ń gun àkàsọ̀: ìṣísẹ̀ tó ń lọ bí ìlù, ara tó dẹ̀, ẹnu tó gba ọwọ́ láìbẹ̀rù, agbára tó ti ẹ̀yìn wá, ara tó tọ́ gbọọrọ, ìkẹyìn ni kíkó ara jọ. Ẹni tó ń wá bí orí ẹṣin á ṣe rẹwà, ìpele kẹta ló ń wá nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò tíì dúró. Ẹṣin tó ń kánjú, ìlù rẹ̀ ló bàjẹ́. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí etí rẹ gbọ́. Ìrìn, mẹ́rin ni. Trot, méjì. Canter, mẹ́ta, lẹ́yìn náà á léfòó díẹ̀ kó tó tún balẹ̀. Bí kíkà rẹ bá ń yára sí i bẹ́ ẹ ṣe ń jáde ní igun, o mọ ibi tó ti ń já gbà ọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ní trot tí à ń dìde tí à ń jókòó, ìwọ ni onílù. Máa dìde pẹ́ díẹ̀, máa jókòó jẹ́jẹ́, má sáré tẹ̀lé e. Bó bá ṣe díẹ̀, òun ló máa wá dúró dè ọ́.

Ìyá Pátákò

Kí ẹ tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká bi í: ìgbà wo ni wọ́n wo eyín ẹṣin yìí kẹ́yìn? Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi bá ẹṣin tèmi jà lórí pé kò gba ọwọ́ ọ̀tún, àṣé eyín tó mú ṣóńṣó ló ń ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú. Ojú tì mí gan-an.

Gàárì náà ńkọ́? Bó o bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, wo òógùn ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù àfi ojú ibì kan ṣoṣo tó gbẹ, fura sí ibẹ̀, gàárì lè máa tẹ̀ ẹ́ jù. Kó o tún fi ìka rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí, jẹ́jẹ́ o, má gún un. Bó bá ń rì sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ tàbí tó ń ká etí sẹ́yìn, má gùn ún mọ́ títí dókítà ẹranko á fi wò ó.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ṣin

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Pátákò, wọ́n wo eyín rẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n fi fáìlì ra á. Mo fi ìka wo ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, koríko rẹ̀ ló ń jẹ lọ, kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Òógùn náà tutù kárí. Baba, mo ti gbọ́ ti okùn yẹn, mi ò ní lò ó.

Kẹ́sẹ́ Dídẹ̀

Ẹ ní fídíò? Kì í ṣe èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ o. Gbogbo wa la máa ń ya ẹ̀gbẹ́ torí ibẹ̀ la ti ń rẹwà. Ẹ gbé fóònù sórí nǹkan ní lẹ́tà A (ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń sàmì sí pápá, ibẹ̀ la ti ń wọlé), kí ẹ gun ìlà àárín lọ sí C ní òdìkejì, kí ó máa wo ẹ̀yìn yín bí ẹ ti ń lọ. Kí ẹ fi aṣọ tó fún mọ́ra wọ̀, kí ẹ sì de bẹ́líìtì tí àwọ̀ rẹ̀ hàn dáadáa.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ṣin

Mo ti gbé e sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Kẹ́sẹ́ Dídẹ̀

Mo ti wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ wo ibi tí ẹ ti kúrò ní ìrìn bọ́ sí trot, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n rán láàárín ìdí gàárì yẹ kó wà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin gan-an. Tiyín ti yẹ̀ sí òsì. Bẹ́líìtì yín dà sílẹ̀ lápá òsì. Bàtà òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, orí ọmọ ìka lẹ sì fi ń wá irin ìtẹsẹ̀ níbẹ̀, bí ọmọdé tó ń na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lórí àga àgbà. Ìdí tí gìgísẹ̀ yẹn fi ń gòkè nìyẹn. Ẹsẹ̀ ò dé ibi tí ẹ gbé irin sí.

Ìbéèrè méjì: ṣé ilẹ̀ lẹ ti máa ń gùn ún, láti apá òsì? Ṣé ẹ ti pààrọ̀ awọ ìtẹsẹ̀ yín rí, kí ti òsì lọ sí ọ̀tún? Ẹ tú méjèèjì kúrò lára gàárì, kí ẹ fi wọ́n kọ́ sórí ìṣó kan ṣoṣo.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ṣin

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Ihò keje ni mo fi àwọn méjèèjì sí, láti ọdún tí mo ti rà wọ́n. Mo kọ́ wọn sórí ìṣó, ti òsì sì fi ìbú àtàǹpàkò kan gùn ju ti ọ̀tún lọ. Àtàǹpàkò kan odidi! Ilẹ̀ ni mo sì ti máa ń gùn ún lójoojúmọ́.

Kẹ́sẹ́ Dídẹ̀

Ó tán. Ìwọ̀n ara yín ló ń fa awọ òsì yẹn lójoojúmọ́, ó sì ń nà. Ẹ lu ihò tuntun sí i kí wọ́n lè dọ́gba, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn láti apá kan sí èkejì déédéé, kí ẹ sì wá àpótí tí ẹ ó máa dúró lé kí ẹ tó gùn ún. Ẹ̀yìn ẹṣin náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìwé máàkì. Ẹ̀ ń yọ̀ lọ sí òsì, ẹ wá di okùn òsì mú kí ẹ má baà yẹ̀. Korobá omi yín nìyẹn. Bí ẹ bá wà nínú canter lápá ọ̀tún, okùn òsì ni okùn òde. Ẹ fà á, ọrùn kọjú sóde, èjìká ọ̀tún kò ríbi gbà ju inú òbírí lọ, ó ṣubú síbẹ̀. Ẹṣin tí kò rẹ́ni bá a gbé ìdúró rẹ̀, eré ló máa fi wá a. Gbogbo ohun tí adájọ́ kọ sílẹ̀ yẹn, ibì kan náà ni wọ́n ti wá.

Ọmọ Ìjánu

Kí ó ṣáà máa ti gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi, wọ́n á ní "gìgísẹ̀, gìgísẹ̀" títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìyá Pátákò

Ọmọ Ìjánu, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ni, ṣùgbọ́n gbìyànjú ẹ̀ níbi tó o jókòó sí yẹn. Ti gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Ṣé o rí i tí ọrùn ẹsẹ̀ le, tí orúnkún sì gbéra sókè? Lórí ẹṣin, ẹsẹ̀ yẹn á sá lọ síwájú, ìdí rẹ á wá kù sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí itan bá dẹ̀ láti ìbàdí. Kì í ṣe ohun tí à ń tì.

Lọ́dún 1952, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Helsinki, obìnrin ará Denmark kan, Lis Hartel, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú dressage. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ láti orúnkún wálẹ̀. Wọ́n ní láti bá a gbé ara rẹ̀ gun ẹṣin, kí wọ́n sì tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún 1956 ó tún gba fàdákà mìíràn. Ọdún 1952 yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí obìnrin àti ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá ológun wọ ìdíje náà o. Gìgísẹ̀ wo ló tì mọ́lẹ̀? Ìdí àti ẹ̀yìn ló fi bá ẹṣin sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjánu

Mo ti dákẹ́, mà.

Baba Gàárì

Kẹ́sẹ́, ojú rẹ mú, mo kí ọ. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́, má rò pé bó o bá ti lu ihò sí awọ, ó parí. Ara rẹ ti mọ́ dídà sí òsì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìtẹsẹ̀ bá dọ́gba, ṣe ló máa dà bíi pé o ti wọ́ sí ọ̀tún. Jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Fídíò ni kó o gbà gbọ́, kì í ṣe ìdí rẹ.

Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó fi okùn ìyípo mú ẹṣin náà, kí ó máa yí i po, kí ìwọ má sì mú okùn ìjánu rárá. Yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ìtẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó lákọ̀ọ́kọ́, ìdajì sí òsì, ìdajì sí ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Fi ọwọ́ kan di iwájú gàárì mú. Wá egungun méjì tó o fi ń jókòó, kó o rí i pé wọ́n gbé ìwọ̀n kan náà. Etí, èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀, kí wọ́n wà lórí ìlà kan, tó fi jẹ́ pé bí a bá fa ẹṣin kúrò lábẹ́ rẹ, ẹsẹ̀ lo máa fi balẹ̀, kì í ṣe imú tàbí ìdí. Bó o bá gba okùn padà, kí ìlà kan lọ tààrà láti ìgúnpá rẹ dé irin ẹnu rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o le bí òpó. Àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin tó lóun ò ní jùpàkọ́, ẹṣin á bá a jù ú. Ẹlẹ́ṣin tó dà bí ẹni tí kò mira, ó ń mira o. Ìbàdí rẹ̀ ló ń bá ẹ̀yìn ẹṣin lọ, ìyẹn ni orí rẹ̀ fi dúró.

Ní ti wíwolẹ̀: orí èèyàn wúwo. Bó o bá sọ ọ́ síwájú, èjìká á tẹ̀ lé e, ẹṣin á sì rò pé ò ń ní kóun sáré. Máa wo láàárín etí rẹ̀ lọ sí lẹ́tà tó kàn.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ṣin

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Mo ti ṣe ti okùn ìyípo ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, itan mi ń ké. Òótọ́ ni ti Baba, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mo ń lérò pé màá já sí ọ̀tún, àmọ́ fídíò ní mo jókòó sáàárín. Ọwọ́ òsì ti fúyẹ́ dáadáa. Àmọ́ ẹṣin náà kò tíì fẹ́ dúró dè mí nínú canter, òbírí mi sì ń rí bí ẹyin.

Kẹ́sẹ́ Dídẹ̀

Ti òbírí rọrùn, ìṣirò lásán ni. Òbírí kò ní igun! Nínú pápá 20 sí 40, òbírí mítà 20 tó bẹ̀rẹ̀ ní A kan ojú mẹ́rin péré: A, ẹ̀gbẹ́ gígùn kan, X (àárín pápá gan-an), ẹ̀gbẹ́ gígùn kejì. Igun sí lẹ́tà K tàbí F jẹ́ mítà 6, ojú tí òbírí sì ti ń kan ẹ̀gbẹ́ jẹ́ mítà 10 sí igun. Torí náà, ẹ kọjá lẹ́tà ní mítà 4 kí ẹ tó kan ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé agolo méjì méjì sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa gba àárín wọn kọjá. Bí pápá bá jẹ́ 20 sí 60, X ti jìnnà, mítà 2 lẹ́yìn L, lẹ́tà kan lórí ìlà àárín, ni ẹ ó ti gé ìlà àárín. Máàkì ọ̀fẹ́ ni, kò bèèrè ẹṣin olówó ńlá.

Ìyá Pátákò

Ní ti canter, má tún canter ṣe. Ìpààrọ̀, ìyẹn bíbọ́ láti ìṣísẹ̀ kan sí òmíràn, ni kó o tún ṣe. Lórí òbírí rẹ: ìṣísẹ̀ trot 10, ìrìn 4, trot 10, ìrìn 4. Bó bá ti ń dúró gbọ́ ẹ, gbé e sí canter fún ìlàjì òbírí péré, kó o mú un padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń sá lọ.

Kí ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan tó dé, ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní half-halt: na ẹ̀yìn rẹ sókè, fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a mọ́ra, di ìka rẹ lórí okùn òde bí ẹni ń fún kànrìnkàn. Ìṣísẹ̀ kan péré. Kó o wá tú u sílẹ̀. Títú yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, wọ́n á dì í mú títí, ẹṣin á wá sọ ọ́ di ibi tó ń fara tì.

Bó o ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń dá dúró: lórí òbírí, ti ọwọ́ inú síwájú fún ìṣísẹ̀ méjì kí okùn náà dẹ̀. Bí ìlù rẹ̀ ò bá yí, òun ló ń gbé ara rẹ̀. Bó bá sáré, ìwọ ló ti ń bá a gbé e láti àárọ̀.

Ọmọ Ìjánu

Ṣé kó máa ṣe odidi ìdánwò lójoojúmọ́ kó lè mọ́ ọn lórí?

Baba Gàárì

Kó mọ́ òun lórí, bẹ́ẹ̀ ni. Kó mọ́ ẹṣin lórí, rárá. Ẹṣin tó ti mọ̀ pé ní X la máa ń dúró, á dúró kó o tó ní kó dúró. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn ín ní yàrá, Àbẹ̀kẹ́, yíya rẹ̀ sórí ìwé ló tún dára jù. Lórí ẹṣin, gé e sí wẹ́wẹ́, yí i po, odidi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Ìyá Pátákò

Lórí èyí, mi ò fara mọ́ Baba tán. Ẹlẹ́ṣin tí àyà rẹ̀ ń já nílò kí ó ti gun odidi ìdánwò náà dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bó bá rí ẹṣin mìíràn yá fún ọ̀kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má gbàgbé ìrìn pẹ̀lú okùn dídẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò ìpele ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ka máàkì yẹn, ibẹ̀ sì lèèyàn ti máa ń sinmi tí kò ní ṣe nǹkan kan. Jẹ́ kó na ọrùn síwájú àti sílẹ̀, kí pátákò ẹ̀yìn kọjá ojú ẹsẹ̀ tí ti iwájú fi sílẹ̀.

Kẹ́sẹ́ Dídẹ̀

Lọ́jọ́ náà: ẹ má kọ́ ọ ní ohun tuntun lójú agbo. Ìrìn pípẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn náà àwọn ìpààrọ̀ Ìyá Pátákò. Bí ìdíje yín bá fàyè gba ẹni tó ń ka ìdánwò sí yín létí, ẹ lò ó, kí ó sì ti kà á fún yín nílé rí. Lábẹ́ òfin FEI, àjọ àgbáyé fún eré ẹṣin, ìṣẹ́jú-àáyá 45 lẹ ní láti wọlé ní A lẹ́yìn tí agogo bá dún. Ti ẹgbẹ́ yín lè yàtọ̀, ẹ ka ìwé òfin. Ó pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ mí, ẹ yí po lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó wọlé. Ẹ má pòṣé sí i o, ẹ má fi ẹnu pè é, adájọ́ á gé máàkì.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ṣin

A ti lọ, a ti bọ̀!

Nígbà tí agogo dún, mo gbàgbé orúkọ ara mi. Mo yí po bí ẹ ṣe wí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka trot rẹ̀ sínú, méjì, méjì, méjì, a wọlé. Òbírí trot lápá òsì: 6.5. Canter lápá ọ̀tún: 6, adájọ́ kọ pé "ó dúró dáadáa, kó túbọ̀ tẹ̀ sínú". Ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n ní mo ṣì ń wolẹ̀ bí mo bá dé igun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 63.4 nínú 100, àwọn méjì péré ló ṣáájú wa.

Èyí tó dùn mí ni ìrìn pẹ̀lú okùn dídẹ̀. Inú mi dùn débi pé canter ti tán, mo sọ okùn sílẹ̀ pátá, ó gbórí sókè ó ń wo ajá kan lẹ́yìn ọgbà. 5. Wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Pátákò, mo mọ̀ pé ẹ ti kìlọ̀. Mo ti kó awọ ìtẹsẹ̀ padà sórí ìṣó, wọ́n ṣì dọ́gba. Báwo ni mo ṣe máa dẹ okùn tí mi ò ní pàdánù rẹ̀?